Kernel Python mi ń kùnà lórí GPU, ìlà tí àṣìṣe sì ń tọ́ka sí kò ní àbùkù: báwo lẹ ṣe ń to àyíká ìwádìí yín?

kóòdù_òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi Python àti Numba (irinṣẹ́ tó ń yí Python sí èdè ẹ̀rọ) kọ kernel kan, ìyẹn iṣẹ́ tí à ń gbé fún GPU láti ṣe, tó ń mú àwòrán dán. Ó ń ka píksẹ́lì kan àti àwọn tó yí i ká, á wá fi ìpíndọ́gba wọn rọ́pò rẹ̀. Nígbà míì, èsì á pé pérépéré. Nígbà míì, `CUDA_ERROR_ILLEGAL_ADDRESS` ni mo máa rí, ìyẹn pé kernel fọwọ́ kan ìrántí tí kò yẹ kó dé (CUDA ni ètò NVIDIA fún iṣẹ́ GPU). Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé ìlà tí àṣìṣe náà ń tọ́ka sí ni `copy_to_host()`, ìlà tí kò ṣe ju kó gbé èsì padà wá fún mi lọ. Mo ti yẹ ìlà yẹn wò títí, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo fi breakpoint (àmì tó ń dá ètò dúró) sínú kernel nínú VS Code, ó fò ó kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀. Mo fi `print` sí i, ohun tó tẹ̀ jáde pọ̀ débi pé n kò lè kà á. Linux ni mo ń lò, káàdì NVIDIA kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, òun náà ló sì ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń to ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe?

àgbà_kernel

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí àwọn tó kù tó dé: `copy_to_host()` yẹn kò mọwọ́mẹsẹ̀. Tí Python bá gbé kernel fún GPU, kì í dúró kó parí. Á ju iṣẹ́ náà sí i, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá di dandan pé kó gba èsì ló tó máa gbọ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ lẹ́yìn. Ibi tí ìròyìn ti bá ọ kọ́ ni ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, kó o tó wá àṣìṣe kankan, kọ́kọ́ mú kí ìròyìn máa dé lásìkò:

```
CUDA_LAUNCH_BLOCKING=1 python aworan.py
```

Èyí á jẹ́ kí Python dúró de kernel kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sórí ìlà tó kàn. Inú terminal ni kó o ti kọ ọ́, ṣáájú `python`. Tó bá jẹ́ `os.environ` lo fẹ́ fi kọ ọ́ nínú fáìlì, òkè pátápátá ni kó wà, kí ohunkóhun tó fọwọ́ kan CUDA. Mo ti bá ẹnì kan jókòó fún odidi ọ̀sán kan lórí irú èyí: ó ti kọ ọ́, àmọ́ ó kọ ọ́ lẹ́yìn tí GPU ti jí, kò sì ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà kejì ni kó o fi `cuda.synchronize()` sẹ́yìn kernel tó o fura sí. Yọ ọ́ tó o bá ti rí ohun tó ò ń wá, torí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ní ti breakpoint, debugger tó wà nínú VS Code fún Python, Python nìkan ló gbọ́. Numba ti yí kernel rẹ sí èdè ẹ̀rọ kó tó dé orí káàdì. Kò sí ìlà Python kankan níbẹ̀ mọ́ tí debugger yẹn lè dúró lé.

ọmọ_terminal

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èmi, kí n tó wo GPU rárá, mo máa ń gbé kernel náà wá sórí CPU. Numba ní simulator tirẹ̀:

```
NUMBA_ENABLE_CUDASIM=1 python aworan.py
```

Kernel yín á di Python lásán. Thread Python kan á dúró fún thread GPU kan (thread ni òṣìṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ìpín tirẹ̀ nínú kernel), block, ìyẹn àkójọ thread, á sì máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. `pdb`, debugger Python, á wá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, `print` náà á sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ kàn má jẹ́ kí gbogbo thread dúró pa pọ̀. Ẹ mú ẹyọ kan:

```python
if cuda.blockIdx.x == 1 and cuda.threadIdx.x == 0:
    from pdb import set_trace; set_trace()
```

Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó padà sórí GPU, torí Numba kò ní lè túmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí ni ààlà array (àtòjọ nọ́ńbà). Numba kì í ṣọ́ ààlà lórí GPU. Ẹ lè kọ nǹkan sí ìta array, kò sì ní sọ ohunkóhun. Ní simulator, array NumPy ni, `IndexError` á jáde lójú ẹsẹ̀, á sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun kan péré ló máa yọ́ kọjá: `-1`. NumPy gbà pé ìparí array ni `-1` ń tọ́ka sí, torí náà tí kernel yín bá ń ka `x-1` ní etí òsì, etí ọ̀tún ló máa kà, kò sì ní ké. Ẹ wo etí àwòrán yín dáadáa pẹ̀lú ojú.

Simulator lọ́ra gan-an. Ẹ fún un ní àwòrán kékeré.

àgbà_kernel

Jẹ́ kí n fi kún ti àwòrán kékeré yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn. Wọ́n á mú 32 sí 32 tàbí 64 sí 64, block wọn á sì jẹ́ 16 sí 16. Gbogbo rẹ̀ á pín dọ́gba, kò ní sí thread kankan tó ṣẹ́ kù níta, àṣìṣe náà á sì fara pa mọ́. Wọ́n á wá rò pé kernel ti dára.

Wo bí ó ṣe rí: tí o bá ní nǹkan 1000, tí block rẹ sì jẹ́ thread 256, o nílò block 4, ìyẹn thread 1024. Thread 24 tó gbẹ̀yìn kò ní nǹkan tiwọn. Tí o kò bá sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, ìta array ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Mú ìwọ̀n tí kò pín dọ́gba rárá. Èmi fẹ́ràn 37 sí 19.

Ìyẹn náà ló dáhùn ìbéèrè rẹ pé kí ló dé tó fi ń pé nígbà míì. Ègé ńlá ni driver (ètò tó ń darí káàdì) fi ń pín ìrántí GPU. Tí thread rẹ bá ré kọjá díẹ̀, ó lè bọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, tàbí sórí dátà míì tí ìwọ fúnra rẹ ń lò. Kò sí ariwo nínú méjèèjì. Ìgbà tó bá bọ́ sí ibi tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ni GPU tó máa kọ̀.

aṣọ́ìrántí

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn dé ìdí `compute-sanitizer`, torí mo rò pé òun ni irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ Python fún GPU ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ inú CUDA toolkit ló wà. Ó ń ṣọ́ gbogbo kíkà àti kíkọ tí kernel bá ṣe sí ìrántí, títí kan àwọn tí kò pariwo:

```
compute-sanitizer --tool memcheck python aworan.py
```

Kó tó lè sọ nọ́ńbà ìlà fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ kernel báyìí:

```python
@cuda.jit(lineinfo=True)
```

Tí ẹ kò bá fi `lineinfo` sí i, adírẹ́sì ìrántí àti orúkọ kernel gígùn kan ló máa fún yín, ẹ ó sì máa méfò. Tí ẹ bá fi sí i, á sọ fáìlì, ìlà, block àti thread tó ṣẹ̀, pẹ̀lú iye báìtì tó fi ré kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, inú mi dùn púpọ̀, torí mo ti ń méfò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Irinṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. `memcheck` ni fún ààlà. `initcheck` ń mú ibi tí ẹ ti ka ìrántí tí ẹ kò tíì kọ nǹkan sí. `synccheck` ń wo bí ẹ ṣe lo `syncthreads`, ibi tí thread inú block ti ń dúró de ara wọn. `racecheck` ń mú ibi tí thread méjì ti ń jà lórí shared memory, ìrántí tí thread inú block kan jọ ń lò. Shared memory nìkan ló ń wò o, kì í wo global memory, ìrántí tí gbogbo block jọ ń lò. Ẹ lo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá rí `cuda-memcheck` nínú ìwé àtijọ́, ẹ má wá a kiri. `compute-sanitizer` ló gba ipò rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò láti CUDA 12.

Ohun kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún àwọn tó ń lo CuPy tàbí PyTorch (irinṣẹ́ Python míì fún iṣẹ́ GPU). Àwọn méjèèjì máa ń gba ìrántí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ driver, wọ́n á wá máa pín in fúnra wọn. Lójú sanitizer, ègé ńlá kan ni gbogbo rẹ̀, tí array kan bá sì ré kọjá sínú èkejì, kò ní mọ̀. Fún CuPy, ẹ kọ èyí sí òkè fáìlì:

```python
cupy.cuda.set_allocator(None)
```

Fún PyTorch, ẹ fi `PYTORCH_NO_CUDA_MEMORY_CACHING=1` sí terminal. Iṣẹ́ á lọ́ra, àmọ́ ohun tí ẹ ń wá á hàn.

kóòdù_òru

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ti ń gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kékeré kan: `nvidia-smi` ń sọ ẹ̀dà CUDA kan fún mi, `nvcc --version` ń sọ òmíràn. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

ọmọ_terminal

Rárá o. Èyí tí `nvidia-smi` ń sọ ni ẹ̀dà tó ga jù tí driver yín lè gbé. Èyí tí `nvcc` ń sọ ni toolkit tí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè yàtọ̀. Ẹ kàn rí i pé toolkit kò ga ju ohun tí driver gbé lọ. Ẹ tẹ `numba -s`, á kó gbogbo ohun tí Numba rí nípa káàdì, driver àti toolkit yín sójú kan. Fún PyTorch, `python -m torch.utils.collect_env`. Ẹ lẹ èyí mọ́ ìbéèrè yín nígbàkigbà tí ẹ bá ń béèrè ìrànlọ́wọ́, á dín ìbéèrè kù.

olùkọ́_àwòṣe

Èmi kì í kọ kernel, PyTorch ni mo ń lò, àmọ́ ìyà kan náà jẹ mí. Tèmi máa ń jẹ́ `device-side assert triggered`, ìlà tó sì ń tọ́ka sí kò bá ohunkóhun mu. Nígbà tí mo fi `CUDA_LAUNCH_BLOCKING=1` sí i, ó gbé mi lọ sí ibi tí mo ti ń ṣírò loss (ìwọ̀n bí àwòṣe ṣe ṣì). Mo ní ẹ̀ka 10, tó túmọ̀ sí pé label (nọ́ńbà ẹ̀ka) gbọ́dọ̀ wà láti 0 dé 9, àmọ́ ẹnìkan ti kọ 10 sínú dátà náà.

Ọ̀nà tó yá jù tí mo mọ̀ báyìí ni kí n mú batch (ìdì dátà) kan ṣoṣo, kí n gbé àwòṣe àti dátà náà wá sórí CPU pẹ̀lú `.to("cpu")`, kí n sì tún un ṣe. CPU á sọ ohun tó ṣẹ̀ ní gbangba. Ibi tí mo ti máa ń bá a jù ni label àti nọ́ńbà tó ń wọ embedding (tábìlì tí a ń fi nọ́ńbà wá nǹkan nínú rẹ̀).

Ẹ tún rántí pé lẹ́yìn irú àṣìṣe yìí, àti `ILLEGAL_ADDRESS` náà, process yẹn (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kò wúlò fún GPU mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kó ṣe lẹ́yìn náà á máa kùnà, títí kan ohun tí kò ní àbùkù. Ẹni tó bá wà nínú notebook gbọ́dọ̀ tún kernel notebook rẹ̀ (kì í ṣe kernel GPU) bẹ̀rẹ̀. Mo fi wákàtí méjì ṣòfò kí n tó mọ èyí.

aládebugger

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ `cuda-gdb`? Òun ni debugger gidi fún GPU. Ó lè dúró sínú kernel, kó fi ohun tó wà lọ́wọ́ thread kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ẹ kọ kernel pẹ̀lú `@cuda.jit(debug=True, opt=False)`, kí ẹ wá tẹ:

```
cuda-gdb --args python aworan.py
(cuda-gdb) set cuda break_on_launch application
(cuda-gdb) run
(cuda-gdb) info cuda kernels
(cuda-gdb) cuda block 1 thread 0
(cuda-gdb) info locals
```

Ìlà kejì ló ń jẹ́ kó dúró ní ẹnu ọ̀nà kernel kọ̀ọ̀kan tí ètò yín bá gbé jáde. `cuda block 1 thread 0` ló ń gbé yín lọ sọ́dọ̀ thread tí ẹ fẹ́ wò.

Ní ti pé káàdì kan náà ló ń gbé ojú kọ̀ǹpútà: káàdì tó bá ti ní compute capability 6.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn láti ìran Pascal ti ọdún 2016, lè dá kernel dúró kó sì máa gbé àwòrán lọ. Ti àtijọ́ kò lè ṣe é.

Tí àṣìṣe bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí iṣẹ́ ti ń lọ, ẹ má jókòó dè é. Ẹ fi `CUDA_ENABLE_COREDUMP_ON_EXCEPTION=1` sí i, GPU á kọ ipò tó wà sínú fáìlì nígbà tó bá kùnà. Ẹ ó wá ṣí i nínú `cuda-gdb` pẹ̀lú `target cudacore` àti orúkọ fáìlì náà.

àgbà_kernel

Mo gbà pé irinṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń lò ó. Àmọ́ n kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó kọ́kọ́ gbá a mú. Kóòdù tí `debug=True` bá mú jáde yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ẹ máa lò ní ti gidi, ó lọ́ra, àṣìṣe ìje láàárín thread sì lè pòórá nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti bá pàdé, simulator àti sanitizer ló rí èyí tó pọ̀ jù fún mi.

aládebugger

Tí kernel bá dì, tí kò parí, tí kò sì kùnà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Sanitizer kò lè sọ ibi tó dúró sí. Níbẹ̀ mi ò mọ ohun tó dára ju kí a so `cuda-gdb` mọ́ process náà lọ.

àgbà_kernel

Òótọ́ ni. Lórí kernel tó dì, mo fara mọ́ ọ.

inú_àpótí

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú Docker: image CUDA tí a kọ `devel` sí lára ni kí ẹ mú, torí `runtime` kò ní àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí nínú. Ẹ sì fi `--gpus all --cap-add=SYS_PTRACE` sí `docker run`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, debugger lè má ráyè so mọ́ process.

ọmọ_terminal

Ní ti `print` inú kernel: ẹ má jù ú nù, ẹ kàn dè é. Ẹ fi `if` mú thread kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi `cuda.synchronize()` sẹ́yìn kernel, torí inú ìrántí kan lórí GPU ni ọ̀rọ̀ náà máa ń wà títí di ìgbà yẹn. Ìrántí yẹn kò tóbi, tó bá kún, tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ tẹ̀ fi máa ń sọnù.

kọ_Triton

Ti Triton (èdè míì tí a fi ń kọ kernel nínú Python) kò le rárá: `TRITON_INTERPRET=1` ló ń gbé kernel wá sórí CPU, `print` àti `pdb` á sì ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Fún káàdì AMD, `AMD_SERIALIZE_KERNEL=3` ló ń ṣe iṣẹ́ `CUDA_LAUNCH_BLOCKING`, `rocgdb` sì ni debugger wọn.

ṣírò_ṣírò

Ẹ dákun, èsì tèmi kò kùnà, ó kàn yàtọ̀ sí ti NumPy díẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá. Ó sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí mo bá tún un ṣe. Ṣé àṣìṣe nìyẹn?

aṣọ́ìrántí

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo irú nọ́ńbà tí ẹ ń lò. NumPy máa ń fún yín ní `float64` tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, kernel yín sì lè jẹ́ `float32`, tí kò gbé ju nǹkan bíi nọ́ńbà 7 tó ní ìtumọ̀ lọ. Nínú `float32`, 16777216 tí a fi 1 kún ṣì jẹ́ 16777216. Fún ìdí yìí, ètò tí a fi ro nọ́ńbà pọ̀ ń yí èsì padà, tí ẹ bá sì lo `cuda.atomic.add`, thread tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ má fi `==` wé wọn. Ẹ ṣírò èsì ìtọ́kasí pẹ̀lú `float64` lórí CPU, kí ẹ wá fi `np.allclose` wé e pẹ̀lú `rtol` tó bá iṣẹ́ yín mu. Tí ìyàtọ̀ bá wà ní nọ́ńbà kẹfà tàbí ìkeje, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá wà ní ìkejì, ẹ lọ gbé `racecheck`.

kóòdù_òru

Mo ti dé o, mo sì mú ìròyìn wá. Mo lo àwòrán 37 sí 19 nínú simulator, `IndexError` jáde nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, ní ìlà tí mo ti ń ka `y+1`. Mo ti tún un ṣe báyìí:

```python
y, x = cuda.grid(2)
if y >= h or x >= w:
    return
```

Mo sì dé ìwọ̀n àwọn tó yí i ká mọ́ inú àwòrán. Lẹ́yìn ìyẹn, `memcheck` kò rí nǹkan mọ́. Mo wá tẹ `racecheck` nítorí pé ẹ dárúkọ rẹ̀, ó sì tún rí òmíràn tí n kò mọ̀ rárá: mò ń kó píksẹ́lì sínú shared memory, mo sì ń kà á láìfi `cuda.syncthreads()` sáàárín. Mo ti fi í sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tọkàntọkàn.

àgbà_kernel

O kú iṣẹ́, àbúrò. Àmọ́ wo `return` tó o kọ yẹn. Àwọn thread tó wà níta àwòrán á jáde lọ kí wọ́n tó dé `syncthreads()`, bẹ́ẹ̀ gbogbo thread inú block ló yẹ kó débẹ̀. Lórí káàdì kan ó lè ṣiṣẹ́, lórí òmíràn kó dì. Má jẹ́ kí wọ́n jáde. Jẹ́ kí gbogbo wọn dé `syncthreads()`, kó o wá fi `if y < h and x < w:` sí ibi tó o ti ń kó píksẹ́lì wọlé àti ibi tó o ti ń kọ èsì. Lẹ́yìn náà, tẹ `synccheck` lórí 37 sí 19 kan náà.

kóòdù_òru

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. `synccheck`, `racecheck` àti `memcheck`, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lórí àwòrán ńlá náà, èsì kan náà ni.